Ìka Mẹ́rin Lábẹ́ Páìpù

Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, Ìjẹ̀ṣà ni mí. Odò tí mo mọ̀ kí n tó dé Èkó kò ju èyí tí ènìyàn lè ká aṣọ sókè kọjá lọ, apá ibì kan ṣoṣo ló sì ń ṣàn sí láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi kan wà tó máa ń lọ, tí á tún padà wá, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Ìkòtún ni mo ń gbé nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ Ìkòtún yóò bi mí pé omi wo ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àgbàrá òjò. Kí olúwa rẹ̀ ní sùúrù.

Lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀ ni, nígbà tí ọ̀wọ́n-gógó epo bẹ́ sílẹ̀ tí kò sì fẹ́ lọ mọ́. Iṣẹ́ táípù ni mo ń ṣe ní ilé-ìkẹ́rùsí kan ní apá Kírìkírì. Bí epo bá wà, wákàtí kan àbọ̀ ni láti Ìkòtún dé ibẹ̀. Nígbà tí epo kò sí, àwọn bọ́ọ̀sì lọ tò sí ẹnu ilé-epo, àwa èrò sì ń fẹsẹ̀ rìn. Mo máa ń gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, n ó sì dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ àti ìbínú lójú. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn ìkíni, kọ kíwírì àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀sùn pé mo pẹ́, fún mi. Èmi náà ló sì gbé e fún pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ ní táípù. Mo tẹ ẹ̀sùn ara mi láìṣi lẹ́tà kan, mo fi kábọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀dà má baà wọ́n, mo sì fọwọ́ sí i pé mo ti gbà á.

Ó yẹ kí n ti sọ pé ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bàbá Ìbejì, olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní ilé-ìwé girama kan ní Ìgàndò. Àwọn olùkọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì ní gbogbo àkókò yẹn. Owó oṣù tèmi nìkan la fi ń jẹun, òun la sì fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì wa tí wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Iléṣà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ kíwírì nínú ìtàn yìí, kí ẹ má rò pé bébà lásán ni mò ń sọ.

Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló sọ fún mi pé kí n lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìjẹ́gun.

"Ìyá Ìbejì, kò sí gósílóò lórí omi o," ó ní.

Mo kọ́kọ́ lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí n kò lọ síbi iṣẹ́, kí n lè mọ ọ̀nà. Mo dé etí omi Ìjẹ́gun ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ọkọ̀ pákó gígùn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ ló jókòó sí. Omi fúnra rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń dán. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà, ìyá Ìlàjẹ kan tó ti tó ọgọ́ta ọdún, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ọlọ́kọ̀, jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń jẹ orógbó. Èdè Ìlàjẹ ló fi máa ń bú wa, ṣùgbọ́n Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni n ó fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí.

"Ẹ káàárọ̀ mà," mo ní. "Ìgbà wo la ó lọ?"

"Omi ò tíì dé."

"Kí ló dé tí kò tíì dé? Ṣé gósílóò mú òun náà ni?"

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ará òkè," ó ní, ó sì ń jẹ orógbó rẹ̀ lọ títí omi fi dé.

Omi dé lóòótọ́. Ó ń yọ́ bọ̀ láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbéra nílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí kọ́ńdọ́, kò sí ẹni tó ń fi ìgúnpá gún ènìyàn níhà. A kọjá láàárín igi, a kọjá lábẹ́ páìpù omi ńlá kan tí wọ́n gbé dábùú odò, gbogbo wa sì dọ̀bálẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà fọ́ wa lórí. A bọ́ sí gbangba níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Kò pẹ́, mo rí òrùlé ilé-ìkẹ́rùsí wa lókèèrè.

Àṣà ti wọ àwa èrò bọ́ọ̀sì lára jù. Bí mo ṣe rí òrùlé yẹn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì dìde fúnra wọn, mo fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbàgbàgbà, mo sì kígbe: "Ó wà o!"

Ọkọ̀ fì sápá òsì, ó fì sápá ọ̀tún. Omi bù wọlé. Bàbá kan tó gbé agbọ̀n adìyẹ lẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún ara rẹ̀ àti fún àwọn adìyẹ náà. Ìyá Ọlọ́kọ̀ na àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀, ó gbá mi ní ojúgun.

"Jókòó! Ta ló sọ fún ọ pé bọ́sítọ́ọ̀pù wà lórí omi?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ní kí n máa jókòó sí ìdí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, níbi tí ọwọ́ òun ti lè tètè tó mi. Ó fún mi ní agolo kan láti máa fi gbọ́n omi jáde. Ìyà ló pè é, ṣùgbọ́n ibi ìyà yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ fún oṣù méjì, tí kò sì lè dákẹ́, yóò bi í ní ìbéèrè. Èmi kò lè dákẹ́. Mo ń bi í pé kí ló dé tó fi ń kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì tí ọkọ̀ èrò ńlá bá dá sílẹ̀. Ó ní bí ìgbì bá bá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò dà ọ́ nù bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù, ṣùgbọ́n bí o bá kọjú sí i, yóò gbé ọ sókè, yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní kí ló dé tí òun fi ń dúró nígbà tí àyè gbalasa wà láàárín ọkọ̀ méjì. Ó ní kí n wò ó dáadáa bóyá èyí tó wà níwájú ló ń fa èyí tó wà lẹ́yìn, torí pé okùn wà láàárín wọn nísàlẹ̀ omi, ojú kì í rí i títí tí yóò fi nà tàntàn sókè. Nígbà tí ìbéèrè mi sú u, ó gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀pá yìí la fi ń ti ọkọ̀ níbi tí omi kò bá ti jìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo tì í wọ ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di ọ̀pá mú, ọkọ̀ ń lọ, èmi sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá. Wọ́n fi bùbá mi fà mí padà. Nígbà tó fi máa di òpin oṣù kejì, mo ti lè gbé ọkọ̀ náà láti Ìjẹ́gun dé Kírìkírì tí Ìyá Ọlọ́kọ̀ yóò kàn jókòó tí yóò máa jẹ orógbó rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Nínú gbogbo ìran wa ní Iléṣà, kò sẹ́ni tó tukọ̀ rí.

Ìṣòro kan ló wà. Omi kì í dé ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bó bá dé ní aago mẹ́fà lónìí, lọ́la yóò fi bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ sí i, lọ́túnla yóò tún pẹ́ sí i. Páìpù yẹn náà tún wà níbẹ̀. Bí omi bá fà jù, ẹrẹ̀ Ìjẹ́gun yóò mú wa. Bó bá kún jù, páìpù kò ní jẹ́ ká kọjá. Àkókò tó dára jù lọ ni ìgbà tí omi bá ti kún tán, tó wá ń padà lọ, torí yóò tún bá wa ti ọkọ̀ lọ síbi tí à ń lọ. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan máa ń dára, èkejì á burú. Lọ́sẹ̀ tó dára, mo máa ń dé ibi iṣẹ́ kí olùṣọ́ géètì tó ji. Lọ́sẹ̀ tó burú, mo gba kíwírì kejì. Mo tẹ ìyẹn náà, mo sì tẹ èsì mi sí i. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá pè mí wọlé.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ kọ ọ́ sínú èsì yín pé omi kò tíì dé. Omi wo?"

"Omi ọ̀sà, sà."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ géérégé ni wọn yóò máa ti géètì. Ẹni yòówù tó bá wà níta, kó wà níta. Ó ní ní tèmi, bí mo bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí i, kíwírì kẹta ni, lẹ́tà ìdádúró ló sì tẹ̀lé ìyẹn. Ó pe olùṣọ́ géètì, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ó sọ fún un lójú gbogbo wa pé kò gbọ́dọ̀ ṣí géètì fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn aago mẹ́jọ, àfi tí òun ọ̀gá bá pàṣẹ láti inú ọ́fíìsì òun. Bàbá náà ní òun ti gbọ́. Ó ní kí ọ̀gá tún un sọ kó lè yé òun dáadáa. Ọ̀gá tún un sọ.

Mo dé ilé, mo sunkún. Bàbá Ìbejì kò lè wo ẹkún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sunkún lé lórí, pé sáyẹ́ǹsì ni. Ará Ìsẹ́yìn ni ọkọ mi, ó ti fi ọdún méjìlá kọ́ àwọn ọmọ nípa òkun, kò sì tíì ki ẹsẹ̀ bọ òkun rí. Ó bó ọsàn kan, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní ayé nìyẹn. Ó mú ẹ̀pà kan, ó ní òṣùpá nìyẹn. Ó ń yí òṣùpá ká ayé, ó ń ṣàlàyé bí òṣùpá ṣe ń fa omi mọ́ra, mo ń gbọ́ ọ, mo ń nu imú. Kó tó dé ibi tó ń lọ, mo ti jẹ òṣùpá.

"Ìyá Ìbejì!"

"Ẹ má bínú. Ebi ló ń pa mí."

Kò bínú. Ó lọ yá ìwé kan níbi tó ti mọ̀, ìwé tí wọ́n kọ àkókò tí omi òkun ń kún àti àkókò tó ń fà sí. Ó jókòó ti ìwé yìí ní ọjọ́ méjì gbáko. Ó ṣe tábìlì àkókò kan fún mi, tí ó fi báírò aláwọ̀ mẹ́ta kọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ará ilé ń wọlé wá wò ó. Gẹ́gẹ́ bí tábìlì yìí ti wí, lọ́jọ́ Ajé, omi yóò kún tán ní aago márùn-ún. Bí a bá gbéra ní aago mẹ́fà, yóò ti fi wákàtí kan padà lọ, páìpù yóò ti ga lókè orí wa, a ó sì dé Kírìkírì kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo dì mọ́ ọkọ mi. Mo ní irú ọkọ tí Ọlọ́run fún mi nìyí.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ pé ibà dá Ìyá Ọlọ́kọ̀ dùbúlẹ̀. Mo sáré lọ bá a nílé. Ó fi aṣọ bora, orógbó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ géètì fún un.

"Gbé ọkọ̀ lọ," ó ní. "O ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí o tó tì í, wo akàn lára igi ẹ̀gbà. Bí akàn bá ń gun òkè, omi ṣì ń bọ̀ nìyẹn, má lọ. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, máa lọ."

Mo dúpẹ́. Mo ní ọkọ mi náà ti bá mi ṣírò rẹ̀ nínú ìwé. Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ajé, Bàbá Ìbejì ní òun ń bá mi lọ. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí tábìlì òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí n dá lọ. Ó wọ kóòtù tó fi ń lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tí a dé etí omi, àwọn èrò tó máa ń wọ ọkọ̀ náà ti ń dúró. Wọ́n rí i pé Ìyá Ọlọ́kọ̀ kò wá. Wọ́n wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo bàtà gogoro tí mo fi há abíyá, wọ́n rántí "Ó wà o," wọ́n sì kí mi pé kí n lọ re. Ẹnì kan kò wọlé. Èmi àti ọkọ mi nìkan la wà nínú ọkọ̀ tó gba ènìyàn mẹ́wàá.

Mo wo igi ẹ̀gbà. Akàn ń gun òkè. Kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì, gbogbo wọn ló ń gun òkè bí ẹni tí onílé ń lé.

"Bàbá Ìbejì, akàn ń gun òkè o."

Ó yọ ẹ̀dà tábìlì rẹ̀ láti inú àpò kóòtù. "Aago mẹ́fà ti lù," ó ní. "Ìwé ni kí a gbà gbọ́ ni, àbí akàn?"

Mo rántí géètì. Mo rántí àwọn ìbejì. Mo ti ọkọ̀.

Ẹ̀bi mi ni, n kò ní dà á lé ẹnikẹ́ni lórí. Mo ti rí akàn, mo sì mọ ohun tí akàn ń wí.

A dé ibi páìpù ní aago mẹ́fà kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi kún dẹ́dẹ́. Mo ní kí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀, ọkọ̀ sì rọra lọ fi imú kọ́ páìpù, gbò! Ó dúró. Mo fà á sẹ́yìn, mo tún gbìyànjú níbòmíràn, gbò! Mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ohun tí ọkọ̀ fi ga ju abẹ́ páìpù lọ kò ju ìka ọwọ́ mẹ́rin. Ìka mẹ́rin péré ló dúró láàárín èmi àti iṣẹ́ mi.

"Kò yẹ kó rí báyìí," Bàbá Ìbejì ní. Ó tún tábìlì náà wò. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹnu òkun ni wọ́n kọ ọ́ fún."

"Kí ni ìyẹn?"

"Àkókò tó wà nínú ìwé, ti ẹnu òkun lọ́hùn-ún ni. Omi ní láti rìn láti ibẹ̀ dé ibí. Mo... mo gbàgbé pé ó máa rìn."

Mo bú ú. Mo bú ú ní Ìjẹ̀ṣà, torí pé òun ló tètè ń dé ẹnu mi bí inú bá ń bí mi. Mo ní ọdún méjìlá, ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kò mọ̀ pé omi ń rìn! Bẹ́ẹ̀ èmi náà kò mọ̀ ọ́n títí mo fi dé Èkó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di agolo tí a fi ń gbọ́n omi mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí kóòtù ìsìnkú. N kò tíì rí ẹkún rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ìbínú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n ń wa yanrìn nísàlẹ̀ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ wọn kún fún yanrìn, ó rì débi pé ètè rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Wọ́n ti ń wò wá láti ìgbà tí a ti ń bá páìpù jà. Mo fẹ́ bú àwọn náà, ni ojú mi bá lọ sí ètè ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ tiwọn, tó kún, kò ga tó ìka mẹ́rin lókè omi. Ọkọ̀ tiwa, tó ṣófo, ló ń gbéraga.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ké sí èyí tó ga jù nínú wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ wá wọ ọkọ̀ mi."

"Níbo là ń lọ?"

"Abẹ́ páìpù."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Àwọn ènìyàn tó ń fi garawa gbé yanrìn nísàlẹ̀ odò kì í ṣe ènìyàn tín-ín-rín. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ọkọ̀ lọ sílẹ̀ ní ìka kan. Nígbà tí ẹnì kẹta wọlé, omi ti ń yọjú wò wá. Ẹnì kẹrin gbé garawa yanrìn méjì dání, ó ní kí òun má baà wá lásán. Mo ní kí gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n tò lé ara wọn bí pákó, ọkọ mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo sì ń gbọ́ tó ń ṣàlàyé láti abẹ́ ọ̀kan nínú wọn ìdí tí ọkọ̀ fi ń rì bí ẹrù bá pọ̀ sí i. Mo fi ẹ̀yìn sùn, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé páìpù, mo ń fẹsẹ̀ tì í díẹ̀díẹ̀. Páìpù náà kọjá lókè imú mi. Mo rí gbogbo ìpẹtà tó wà lára rẹ̀. Kò kan ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a bọ́ sódìkejì, mo pariwo débi pé àwọn ẹyẹ fò. Àwọn awayanrìn bọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n da yanrìn wọn nù, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ padà síbi iṣẹ́. Èyí tó ga jù kígbe láti inú omi pé kí n kí ọ̀gá mi, pé òun kò rí irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ẹ̀yìn lọ rí.

Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi ti wá ń padà lọ wàyí, ó sì ń bá wa lọ. A bọ́ sí gbangba. Ọkọ̀ èrò ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ ń bọ̀, Bàbá Ìbejì kígbe pé kí n sá fún un. Mo kọ imú ọkọ̀ sí i, ó gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ kan kọjá níwájú wa, òmíràn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, àyè gbalasa sì wà láàárín wọn.

"Gba ibẹ̀ kọjá!" ọkọ mi ní. "Aago ń lọ!"

Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró, mo lè pẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàìgbọ́ràn sí akàn lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yẹn, ó tó. Mo ki àjẹ̀ bọ omi, mo dúró. Lójú wa níbẹ̀ ni okùn ńlá kan, tó tóbi tó apá mi, dìde láti inú omi láàárín ọkọ̀ méjèèjì, ó nà tàntàn, omi ń kán lára rẹ̀. Ọkọ mi gbé agolo, ó ń gbọ́n omi títí a fi dé èbúté.

Mo sáré wọ géètì ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bàtà wà lọ́wọ́ mi, ìpẹtà wà níwájú bùbá mi, ẹrẹ̀ wà dé orúnkún. Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wò mí.

"Màdáàmù, kí lẹ wọ̀ wá?"

"Ọkọ̀ ojú omi, sà. Láti Ìjẹ́gun."

Ó yà fún mi, mo wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ń fọwọ́ pa báírò mi kan. Ìdímù, nítòsí Ìkòtún wa, lòun náà ń gbé. Dírẹ́bà rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta nílé-epo, òun fúnra rẹ̀ sì ń jí ní aago mẹ́ta láti lè dé kó tó di aago mẹ́jọ. Ó bi mí pé ṣé ọkọ̀ yẹn ń gba ènìyàn.

Mo ní ó ń gba ènìyàn. Ó ní òun yóò wọ̀ ọ́ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́fà. Mo sọ fún un pé Ọjọ́rú yẹn kò dára, pé omi kò ní sí níbẹ̀ ní aago mẹ́fà. Mo ti fi wákàtí kan àbọ̀ kún gbogbo àkókò tó wà lórí tábìlì ọkọ mi nígbà náà, ó sì ti bá akàn mu.

"Aago mẹ́fà ni mo wí, Màdáàmù," ó ní. "Kí ẹ dúró dè mí."

Ọ̀gá ló ní kí n dúró, mo dúró. Ó dé sí etí omi Ìjẹ́gun ní aago mẹ́fà géérégé pẹ̀lú táì àti báàgì aláwọ. Ọkọ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ìyá Ọlọ́kọ̀, tí ara rẹ̀ ti yá, jókòó sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú orógbó.

"Ìgbà wo la ó lọ?" ọ̀gá ní.

"Omi ò tíì dé," Ìyá Ọlọ́kọ̀ ní.

Mo wo ojú òfuurufú kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí a fi jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi sú aago fúnra rẹ̀. Nígbà tí omi dé, tí a sì ń lọ, tó rí òrùlé ilé-ìkẹ́rùsí, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí nà. Mo di kóòtù rẹ̀ mú. "Ẹ jókòó, sà," mo ní. "Kò sí bọ́sítọ́ọ̀pù." Ó jókòó.

Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí a dé géètì. Wọ́n ti tì í. Ọ̀gá kan ilẹ̀kùn. Olùṣọ́ wò wá láti ojú ihò.

"Èmi ni. Ṣí géètì."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀gá ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣí i lẹ́yìn aago mẹ́jọ."

"Èmi náà ni ọ̀gá!"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ní àfi tí ẹ bá pàṣẹ látinú ọ́fíìsì yín. Ẹ ò tíì dé ọ́fíìsì yín, sà."

Ó ti ojú ihò náà. Ọ̀gá dúró níwájú irin géètì fún ìgbà díẹ̀, ẹrẹ̀ ń gbẹ lára ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn àlejò ń jókòó sí lẹ́bàá ògiri. Ó tú aago kúrò lọ́wọ́, ó jù ú sínú báàgì.

Mo dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé ìwọlé lọ́jọ́ náà yóò rí i. Mo rò pé kí n kúkú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkàn mi lè balẹ̀.

"Sà," mo ní, "kíwírì kẹta yẹn ńkọ́?"

Ó wo géètì. Ó wò mí.

"Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ ní táípù?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ wà níta," ó ní. "Ẹni tí yóò kọ ọ́ náà wà níta."

Ó sún, ó sì fún mi láyè lórí bẹ́ǹṣì níbi tí òòrùn kò dé.